Ọ́fíìsì ìrìnàjò kan ní Òkè-Ìléwó: ohun tí owó wa rà, àti ìṣirò tí àwa fúnra wa ṣe

Láti oṣù Kẹjọ títí di oṣù Kọkànlá ọdún 2025 ni èmi àti ọkọ mi fi ń lọ sí ọ́fíìsì kan ní Òkè-Ìléwó ní Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti ń gba àwọn tó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun nímọ̀ràn, tí wọ́n sì ń bá wọn to ìwé. Nọ́ọ̀sì ni mí, abẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mo sì wà. Ọkọ mi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama ti ìjọba ìpínlẹ̀. Ọmọ méjì la bí, èyí ẹ̀gbọ́n sì ti pé ọdún mẹ́rìnlá. Èmi fúnra mi ti pé ọdún 45. Mo sọ gbogbo èyí nítorí pé a kò lè díwọ̀n iṣẹ́ irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ láìmọ irú ẹni tó wá sọ́dọ̀ wọn àti ohun tó ń wá. Mi ò ní dárúkọ wọn, nítorí pé àwọn kan níbẹ̀ ṣe dáadáa sí wa, àti pé àṣìṣe tí mo fẹ́ tọ́ka sí kì í ṣe tiwọn nìkan: mo ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu àwọn tó gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ ní Pánṣẹ́kẹ́ àti ní Kútọ̀.

₦25,000 ni wọ́n gbà fún ìjókòó àkọ́kọ́. Wọ́n ní ₦600,000 ni gbogbo iṣẹ́ náà, kí á san ìdajì níbẹ̀rẹ̀, kí á sì san ìyókù nígbà tí ìwé bá ti pé. Wọ́n fún wa ní rìsíìtì fún gbogbo kọ́bọ̀ tí a san. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a jókòó ju wákàtí méjì lọ kí wọ́n tó pè wá wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn gan-an ló dá àkókò fún wa.

Ọ̀dọ́bìnrin tó gba fáìlì wa mọ iṣẹ́ ìwé dénú. Orúkọ ìdílé bàbá mi ló wà lórí ìwé ẹ̀rí girama mi àti ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì mi, ti ọkọ mi ló wà lórí pásípọ́ọ̀tù, orúkọ àárín mi sì ní lẹ́tà kan lórí ọ̀kan tí kò sí lórí èkejì. Èmi kò tilẹ̀ kíyè sí lẹ́tà yẹn láti gbogbo ọdún yìí wá. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ti rí i, ó sì sọ fún mi pé kí n lọ búra ní ilé-ẹjọ́, kí n kéde ìyípadà orúkọ nínú ìwé ìròyìn, kí n sì ṣe àwọn méjèèjì kí n tó kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Àbújá, nítorí pé tí mo bá kọ̀wé sí wọn ṣáájú, wọn yóò dá a padà. Ó ṣàlàyé ọ̀nà tí nọ́ọ̀sì ń gbà wọ ìwé orúkọ NMC, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìlú Ọba: £140 fún àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí, £83 fún ìdánwò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní CBT, £794 fún ìdánwò ọwọ́ tí wọ́n ń pè ní OSCE, èyí tí a ó ṣe tí a bá ti débẹ̀, àti £153 fún ìforúkọsílẹ̀. Ó sọ máàkì tí wọ́n ń fẹ́ nínú ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì IELTS, 7 nínú kíkà, gbígbọ́ àti sísọ, 6.5 nínú kíkọ. Ó mọ̀ nípa òfin tí ìgbìmọ̀ wa ṣe ní oṣù Kejì 2024, pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti lo ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó lè jẹ́rìí sí ìwé rẹ̀ fún orílẹ̀-èdè mìíràn. Òfin yẹn kò kàn mí, ọdún kọkàndínlógún mi lẹ́nu iṣẹ́ nìyí, àmọ́ inú mi dùn pé ó mọ̀ ọ́n. Gbogbo ohun tó sọ fún mi ní ọjọ́ yẹn ni mo padà yẹ̀ wò, n kò sì rí irọ́ kankan níbẹ̀.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ kúrò lórí ìwé tó dé orí iṣẹ́ ni nǹkan yí padà. Ọ̀gá wọn ló wá bá wa sọ̀rọ̀ ní ìjókòó kẹta. Ó ní àwọn ní àwọn ilé ìwòsàn kan ní Ìlú Ọba tí àwọn ń bá ṣe, àti pé tí a bá lè fi owó díẹ̀ kún un, àyè mi ti wà nílẹ̀. Ní ọdún 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi Nàìjíríà sínú àwọn orílẹ̀-èdè 55 tí òṣìṣẹ́ ìlera wọn kò tó, ìlànà ìjọba Ìlú Ọba sì kà á léèwọ̀ kí agbanisíṣẹ́ tàbí aṣojú rẹ̀ wá máa ṣa òṣìṣẹ́ ìlera ní irú orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ lọ lè kọ̀wé fúnra rẹ̀, lórí NHS Jobs, ìkànnì iṣẹ́ ti àjọ ìlera ìjọba Ìlú Ọba (NHS), níbi tí wọn kì í ti í gba owó. Nígbà tí mo sọ èyí, ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mọ́mì, ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké." Òwe náà dára, mo sì ti fi gba ọ̀pọ̀ aláìsàn níyànjú rí. Ṣùgbọ́n àáké tèmi ni yóò kan, èmi sì ni mo ní ọmọ méjì, nítorí náà mo ní láti wo ẹnu rẹ̀ dáadáa.

Àbúrò ọkọ mi tó bá wa lọ ní ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ dùn mí jù. Kò kọ́ iṣẹ́ ìlera. Wọ́n sọ fún un pé tó bá lè wá mílíọ̀nù mẹ́fà náírà, àwọn yóò gba ìwé onígbọ̀wọ́ CoS fún un gẹ́gẹ́ bí alábòójútó àwọn arúgbó. Oṣù Kẹsàn-án 2025 ni èyí ṣẹlẹ̀. Láti ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún kan náà ni ìjọba Ìlú Ọba ti ti ilẹ̀kùn yẹn pa mọ́ ẹni tó bá wà lẹ́yìn odi tó fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀wé fún iṣẹ́ alábòójútó. Kódà kí wọ́n tó tì í, láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 2024, alábòójútó kò lè mú ìyàwó tàbí ọmọ dání mọ́, bẹ́ẹ̀ ọmọkùnrin náà ti ń fojú inú rí ìyàwó rẹ̀ ní Birmingham. Títa ìwé onígbọ̀wọ́ fún òṣìṣẹ́ kò bá òfin wọn mu rárá. Ọkọ mi ló dá a dúró. Ó ti ń ronú láti ta ilẹ̀ rẹ̀ tó wà ní ọ̀nà Àlàbàtà. Mo bẹ ẹnikẹ́ni tó bá ń kà á ní Abẹ́òkúta tàbí níbikíbi: ẹ má ṣe san owó fún àyè iṣẹ́ alábòójútó ní Ìlú Ọba.

Ohun méjì mìíràn tún wà tí mo gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀. Fún físà òṣìṣẹ́ ìlera tí èmi ń wá, ẹni tó ń lọ gbọ́dọ̀ ní £1,270 ní báńkì fún ọjọ́ 28 gbáko, £285 fún ọkọ tàbí aya, £315 fún ọmọ àkọ́kọ́ àti £200 fún èyí tó tẹ̀ lé e, àyàfi tí agbanisíṣẹ́ bá gbà láti ṣe onídùúró fún un. Tiwa jẹ́ £2,070. Ọ́fíìsì náà ní àwọn lè fi owó náà sínú àkáǹtì wa fún oṣù kan, kí á sì san èlé. Wọn kò sọ fún wa pé tí àwọn aláṣẹ bá kà á sí ẹ̀tàn, wọ́n lè kọ ìwé wa sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Èkejì ni pé wọ́n gbà mí nímọ̀ràn kí n má kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí n gba ìsinmi lọ, kí owó oṣù sì máa wọlé títí tí wọn yóò fi rí mi. Ní oṣù Kẹfà 2024 ni Ààrẹ Tinubu kéde pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà lókè òkun tí wọ́n ṣì ń gba owó oṣù dá a padà. Èmi tilẹ̀ mọ nọ́ọ̀sì tó ṣẹ́ kù tó ń ṣe iṣẹ́ ẹni mẹ́ta ní wọ́ọ̀dù nítorí pé orúkọ àwọn tó ti lọ ṣì wà nínú ìwé. Mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi.

Gbogbo èyí ni àṣìṣe tó hàn. Èyí tó jinlẹ̀ jù ni pé, ní gbogbo ìjókòó mẹ́fà tí a bá wọn ṣe, kò sí ẹnì kan tó bi wá léèrè bóyá lílọ náà yóò ṣe wá láǹfààní. Ohun tí ọ̀gá náà ṣe ni pé ó mú ẹ̀rọ ìṣirò, ó tẹ £31,049 tó jẹ́ owó ọdún kan nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìpele Band 5 láti oṣù Kẹrin 2025, ó sì sọ ọ́ di náírà, ó ju ọgọ́ta mílíọ̀nù lọ díẹ̀. Ó yí ẹ̀rọ náà sí wa kí á wò ó. Ojú ọkọ mi là. Oníṣirò ni, ó sì mọ̀ pé nǹkan kan kù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n iye náà pọ̀ débi pé ó dákẹ́.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni a jókòó ní Ọbańtokò, a tan jẹnẹrétọ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tiwa. Tí a bá yọ owó orí, owó ìbánigbófò ìjọba àti owó ìfẹ̀yìntì NHS kúrò nínú £31,049, ohun tí yóò máa bọ́ sí mi lọ́wọ́ kò ju nǹkan bí £2,000 lóṣù lọ. Mo pe ojúgbà mi kan tí a jọ kọ́ṣẹ́, tó ti wà ní Leeds fún ọdún mẹ́ta, ó sì fi sùúrù ka ìnáwó ilé rẹ̀ fún mi: £950 fún ilé oníyàrá méjì, £130 fún owó orí ilé tí kánsù ń gbà, £160 fún iná àti gáàsì, £350 fún oúnjẹ, £70 fún bọ́ọ̀sì. Ó di £1,660. Ohun tó kù jẹ́ £340, ìyẹn nǹkan bí ₦660,000 ní iye tí pọ́ùn wà nígbà náà, kí ọmọ tó fẹ́ bàtà òtútù, kí ẹnikẹ́ni tó pè láti ilé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òdìkejì rẹ̀ pẹ̀lú òtítọ́ kan náà. Owó oṣù àwa méjèèjì níbí kò pé ₦550,000. A kì í san owó ilé, nítorí pé ilé tí a ń gbé, àwa la kọ́ ọ, ọdún mọ́kànlá la sì fi kọ́ ọ. Síbẹ̀, tí a bá ti ra oúnjẹ, tí a san owó ilé ẹ̀kọ́, owó iná, epo bẹntiróòlù àti oògùn ìyá mi, ohun tó ń kù kì í kọjá ₦60,000. Ṣáájú oṣù Kẹfà 2023 tí wọ́n jẹ́ kí náírà máa wá iye ara rẹ̀, owó oṣù wa kéré sí èyí, ohun tó ń kù sì ń ra nǹkan jù èyí lọ. Nítorí náà, ní ti owó oṣù nìkan, lílọ dára jù, n kò sì ní purọ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀. £340 tó kù lọ́hùn-ún ju gbogbo owó oṣù wa níbí lọ. Tí ọkọ mi bá sì rí iṣẹ́, nǹkan yóò tún sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó ń mú ìṣirò náà wúwo ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti òpin rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, físà jẹ́ £304 fún ẹnì kan fún ọdún mẹ́ta ní ọdún 2025, £1,216 fún àwa mẹ́rin, kí a tó sọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì, kí a tó sọ̀rọ̀ owó ilé oṣù àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí a ṣì ń wá owó, ni pásípọ́ọ̀tù olójú-ewé 32 fò láti ₦50,000 sí ₦100,000, ẹni mẹ́ta nínú wa kò sì tíì ní. Ó yẹ kí n dúpẹ́ pé nọ́ọ̀sì ṣì lè mú ìdílé rẹ̀ lọ, àti pé irú físà yìí kì í san owó ìlera ọdọọdún tí àwọn mìíràn ń san.

Òpin rẹ̀ ni ó gba oorun lójú mi. Ní ti ọmọ wa àgbà: tí a bá dé ibẹ̀ ní 2026, yóò tó ọjọ́ orí yunifásítì ní nǹkan bí 2029. Lábẹ́ òfin tó wà nígbà náà, ọdún márùn-ún ni a ó lò kí a tó lè gba ìwé ìgbélùú títí lọ, ní oṣù Karùn-ún 2025 sì ni ìjọba wọn gbé àbá jáde láti sọ ọ́ di mẹ́wàá. Èyí já sí pé owó àlejò ni ọmọ náà yóò san. Owó ọmọ onílùú jẹ́ £9,535 ní ọdún ẹ̀kọ́ 2025, ìjọba sì ń yá wọn. Owó àlejò a máa kọjá £15,000 ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, kò sì sí ẹni tó ń yá a. Láti Ọbańtokò, ọkọ̀ akérò kan ló ń gbéni dé ẹnu ọ̀nà FUNAAB, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà níbí. Mo bi ọ̀gá ọ́fíìsì náà nípa èyí, ó ní, "Ọlọ́run yóò ṣe é." Mo gba Ọlọ́run gbọ́, ṣùgbọ́n n kò san ₦25,000 kí ó lè sọ ìyẹn fún mi.

Ní ti ogbó èmi fúnra mi, ẹni tí a bí ní ọdún tí a bí mi kò ní gba owó ìfẹ̀yìntì ìjọba Ìlú Ọba títí yóò fi pé ọdún 68. Ẹni tí kò bá san owó ìbánigbófò ìjọba fún ọdún mẹ́wàá kò ní gba nǹkan kan, ọdún 35 ló sì ń múni gba gbogbo rẹ̀, ìyẹn £230.25 lọ́sẹ̀ ní ọdún 2025. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ ní 2026, ọdún 22 ni n ó fi san án, tí yóò fún mi ní nǹkan bí £144 lọ́sẹ̀. Ìròyìn rere nìyẹn. Àmọ́ tí mo bá padà wá gbé Abẹ́òkúta, bí mo ṣe fẹ́, owó náà yóò dúró sójú kan títí ayé mi, nítorí pé wọn kì í ṣe àfikún ọdọọdún fún àwọn tó ń gba á ní Nàìjíríà. Owó ìfẹ̀yìntì ti NHS nìkan ni yóò máa gòkè. Níbí, 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù mi ń lọ sínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì, ìjọba sì ń fi 10 kún un. Tí mo bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí n tó pé 50, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ni mo lè fọwọ́ kàn lẹ́yìn oṣù mẹ́rin tí n kò bá níṣẹ́. Ìyókù yóò dúró dè mí. Gbogbo èyí wà ní gbangba fún ẹni tó bá wá a, ọ́fíìsì tó ń gba ₦600,000 kò sì mọ ọ̀kan nínú rẹ̀.

Ìyá mi ń gbé ní Ìtòkú, níbi tó ti ń rẹ aró àdìrẹ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge. Mo sọ fún un. Kò bínú. Ó ní ìlú àwọn tó ń rìn ni ìlú wa, pé àwọn Ẹ̀gbá fúnra wọn sá wá sábẹ́ àpáta Olúmọ ni, àwọn Sàró, àwọn ọmọ wa tó bọ́ lóko ẹrú, sì ti òkè òkun padà wá bá wọn. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Ta ni yóò máa wọn ìfúnpá mi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun?" Àbúrò mi obìnrin ti gbà láti kọ́ ọ, mo sì ti ra ẹ̀rọ rẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ìdáhùn tó tó sí ìbéèrè yẹn.

Ọkọ mi, ní tirẹ̀, ṣe ohun tí ọ́fíìsì náà kò mẹ́nu bà. Láti oṣù Kejì 2023 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gba olùkọ́ láti Nàìjíríà láyè láti bèèrè fún ìwé ẹ̀rí olùkọ́ tí wọ́n ń pè ní QTS, tí ó bá ń kọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì tàbí èdè. Ọ̀fẹ́ ni ìbéèrè náà. Kì í ṣe físà, kò sì fúnni níṣẹ́, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín kí ó dé ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ àti kí ó dé ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó tẹ̀ lé ìyàwó. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan.

A dá iṣẹ́ náà dúró ní ìdajì. Wọ́n kọ́kọ́ ní kò sí owó kankan tí àwọn ń dá padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì àti ìpè bí mẹ́jọ, wọ́n dá ₦100,000 padà nínú ₦300,000. Tí n bá ní kí n fún wọn ní máàkì, n ó fún wọn ní 8 nínú 10 fún ìwé títò, ọ̀dọ́bìnrin yẹn ló sì gbà á fún wọn, n ó sì fún wọn ní 2 fún ìmọ̀ràn. Ẹni tí ìwé rẹ̀ dàrú, tó ti mọ ibi tó ń lọ àti ìdí tó fi ń lọ, lè san owó ìjókòó àkọ́kọ́, kí ó béèrè ìbéèrè rẹ̀ tán, kí ó sì ṣe ìyókù fúnra rẹ̀. Èmi ń ka ìwé fún CBT báyìí, a sì ti fi ìpinnu náà sí oṣù Kẹfà 2026, lẹ́yìn tí èsì QTS bá dé. Kí ẹni tó bá lọ má ṣe fi ojúlówó ìwé ẹ̀rí sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀dà ni kí ó fún wọn, nítorí pé ọjọ́ mọ́kànlá ni a fi lọ tí a fi bọ̀ kí wọ́n tó wá fáìlì wa rí.